Ọjà títà kọ́ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀: ìdáhùn fún ìyá kan ní Kétu tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ka ìmọ̀ ọrọ̀ ajé

«Bàbá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Oníṣòwò ni mí nínú ọjà Kétu, aṣọ ni mò ń tà, mo sì máa ń ra àgbàdo pamọ́ nígbà ìkórè. Ọmọ mi obìnrin yege bac B, ìdánwò àṣejáde kọ́lẹ́ẹ̀jì, lọ́dún yìí, ó ní économie lòun fẹ́ lọ kà ní yunifásítì Calavi. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ó ní owó àti ọjà. Mo ní bó bá jẹ́ ọjà ni, kí ó jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀fẹ́ ni màá kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ó lọ ka gestion, torí pé ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Ẹlòmíràn ní ìṣirò inú économie pọ̀, kì í ṣe fún obìnrin, àti pé àwọn tó kà á ló ń gun zémìjàn, ọ̀kadà akérò, kiri. Máàkì rẹ̀ nínú ìṣirò kò burú, kò sì dára, 11 nínú 20 ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ òótọ́: ṣé kí n náwó sí i?»

Ìyá wa, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú oríire bac ọmọ. Mo ka ìbéèrè yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìbéèrè mẹ́ta ni mo sì rí tí ẹ dì sínú ẹrù kan: kí ni ẹ̀kọ́ yìí gan-an, ṣé agbára ọmọ yín ká a, ṣé ó sì lè bọ́ ọ lọ́jọ́ iwájú. Ìkẹrin wà níbẹ̀ tí ẹ kò là lẹ́nu, mo sì fura pé òun ló ń jẹ yín lọ́kàn jù: ta ni yóò dúró ti ọjà bí ọmọ bá lọ? Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé ní Kétu. Ohun tí ojú mi rí ni màá sọ, n kò sì ní fi oyin pa á lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ tú ohun tó lọ́ pọ̀. Ọmọ yín kò purọ́ nígbà tó ní owó àti ọjà ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kúrú jù, òun ló sì mú kí ẹ rò pé ẹ lè kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù. Oníṣòwò ń bi ara rẹ̀ pé, báwo ni èmi yóò ṣe jèrè lórí ọjà yìí? Akọ̀wé owó, ìyẹn ẹni tó ka comptabilité, ń bèèrè pé, èló ló wọlé, èló ló jáde, èló ló kù? Ẹni tó ka gestion ń wá bí a ṣe lè darí ilé-iṣẹ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àti owó rẹ̀, kí ó má baà dojú dé. Ẹni tó ka ìmọ̀ ọrọ̀ ajé kì í dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Ó ń wá ìdí tí gbogbo ọjà fi gbówó lórí lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí tí iṣẹ́ fi ṣọ̀wọ́n ní ìlú kan tí ó sì pọ̀ ní òmíràn, àti ẹni tí ẹrù yóò wó lé lórí gan-an nígbà tí ìjọba bá fi owó-orí kún ọjà kan. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ àgbàdo jù mí lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi í ṣe àpẹẹrẹ. Bí oko ẹnì kan bá so wọ̀ǹtìwọnti, onítọ̀hún rí ṣe lọ́dún náà. Bí oko gbogbo Kétu bá so wọ̀ǹtìwọnti lọ́dún kan náà, owó tí àwọn àgbẹ̀ máa gbé lọ sílé lè kéré sí ti èṣí, nítorí pé ikùn ènìyàn kì í fẹ̀ sí i torí pé àgbàdo pọ̀, àfi kí iye owó já wálẹ̀ gidigidi kí ọjà tó lè gbé gbogbo rẹ̀ tán. Ìbùkún ẹnì kan ti di ìṣòro gbogbo wọn nìyẹn, kò sì sí ẹni tó ṣe ohun tí kò yẹ. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ń tú, a kò sì lè jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo kí á rí i délẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kí èmi fúnra mi mọ ìyàtọ̀ náà. Ní ọdún 1994, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Calavi, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ibẹ̀ ní Yunifásítì Orílẹ̀-èdè Benin, tí òfin àti ọrọ̀ ajé sì jọ wà nínú fákọ́tì kan. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìn-ín-ní ọdún náà ni wọ́n kéde láti Dakar pé wọ́n ti gé séfà sí ìdajì: faransì kan ti ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n ti ń fi 50 séfà rà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, di 100 séfà. Àbúrò bàbá mi obìnrin ń ta àǹkárá Holland nínú ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì mo lọ kí i, mo bá a tí inú rẹ̀ ń dùn. Aṣọ tó rà ní 10,000, tó máa ń tà ní 11,500, ó ti ń tà á ní 14,000, àwọn ènìyàn sì ń rọ́ wá rà á kí ó tó tún wọ́n sí i. Ó ṣí ìwé pélébé tó fi ń kọ owó hàn mí, pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́: ẹyọ 60 ló tà, èrè orí ọ̀kọ̀ọ̀kan 4,000, àpapọ̀ èrè 240,000. Ìṣirò náà pé pérépéré, kò sí akọ̀wé owó tí yóò rí àṣìṣe níbẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé ó gbé 840,000 náà lọ sí Kutonu láti lọ kó òmíràn, wọ́n ní aṣọ kan náà ti di 19,000. Ẹyọ 44 ni owó náà rà. Ẹni tó ní ẹyọ 60 nílé, tó tà, tó jèrè, kò rí ju 44 gbé padà wá sí ìsọ̀.

Ohun tí àwọn olùkọ́ wa ń sọ fún wa nínú kíláàsì nìyí, pé iye tí ọjà jẹ́ kì í ṣe owó tí a fi rà á lánàá, bí kò ṣe ohun tí a ó yọ̀ǹda lónìí kí á tó lè rí irú rẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo tilẹ̀ ti fi yege ìdánwò. Síbẹ̀, ní Sátidé yẹn mo jókòó síwájú àbúrò bàbá mi, mo ń wo ìwé pẹ́ńsù náà, n kò sọ nǹkan kan, nítorí mo rò pé ti inú ìwé ni ti inú ìwé. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí títí di òní. N kò sọ pé bí mo bá sọ ọ́ kò ní pàdánù rárá o. Ó ní àjọ tó gbọ́dọ̀ dá, bí ó bá sì fi aṣọ pamọ́ nígbà tí àwọn tó yí i ká ń tà, àwọn oníbàárà rẹ̀ ìbá lọ. Ṣùgbọ́n ìbá ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, àwọn tó ń gbin òwú lápá òkè rí séfà tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ gbà lórí òwú tí wọ́n ń tà lọ sókè òkun. Ìpinnu kan náà ló sọ ọ̀kan di aláìní tó sì gbé èkejì sókè, iṣẹ́ ẹni tó ka ọrọ̀ ajé sì ni láti wo àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ti ìṣirò, ẹni tó sọ pé ó pọ̀ sọ òótọ́, ẹni tó ní kì í ṣe fún obìnrin ló ń sọ ìsọkúsọ. Esther Duflo, obìnrin ará Faransé, wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel lórí ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní ọdún 2019. Claudia Goldin ní Amẹ́ríkà nìkan ló gba ti ọdún 2023, iṣẹ́ àti owó iṣẹ́ àwọn obìnrin gan-an ló sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí. Kí á tilẹ̀ fi ti òkèèrè sílẹ̀: mo máa ń wo àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti Ìlárá lẹ́nubodè bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ náírà sí séfà lórí ìdúró, tí wọ́n á yọ owó ọkọ̀ kúrò, tí wọ́n á yọ ti onísẹ́ńjì kúrò, láìfọwọ́ kan bébà. Ohun tó ń ba àwọn ọmọ lẹ́rù ni àmì tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wo àgbàdo yín tó wà nínú àká. Lóṣooṣù ẹ máa ń bi ara yín pé ṣé kí n tà á ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ fún oṣù kan sí i? Gbogbo èrè láti ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni ẹ máa ń wọ̀n nígbà náà. Ohun tí oṣù kan péré tó ń bọ̀ yìí máa fi kún owó yín ni ẹ ń wọ̀n, ẹ sì ń fi í wé ohun tí kòkòrò máa jẹ nínú oṣù kan náà, pẹ̀lú iṣẹ́ tí owó tó há síbẹ̀ ìbá ti ṣe lórí aṣọ. Tí àfikún bá ṣì ju àdánù lọ, ẹ óò dúró. Bí méjèèjì bá ti dọ́gba, ẹ óò tà. Ohun tí ìwé Faransé ń pè ní dérivée kò ju ìyẹn lọ, ìwọ̀n ohun tí ìṣísẹ̀ kékeré kan tó tún kàn máa mú wá tàbí kó lọ. Ìdajì ohun tí wọ́n máa kọ́ ọmọ yín ní ọdún méjì àkọ́kọ́ nínú microéconomie ló dúró lórí rẹ̀.

Máàkì 11 nínú 20 kò bà mí lẹ́rù, kò sì fi mí lọ́kàn balẹ̀. N kò rí ìwé ìdánwò rẹ̀, máàkì nìkan kì í sì í sọ bóyá ọmọ náà lóye díẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀ tàbí ó mọ apá kan dáadáa tí kò sì mọ apá kejì rárá. Nínú àwọn tí mo kọ́, mo rí ọmọ bac C, ọlọ́gbọ́n orí nínú ìṣirò, tó ṣubú ní ọdún kìn-ín-ní nítorí pé kò lè fi Faransé tó mọ́ gaara ṣàlàyé ohun tí nọ́ńbà rẹ̀ túmọ̀ sí. Mo sì rí ọmọ bac B tó máàkì rẹ̀ rí bíi ti ọmọ yín, tó ń ṣe ìṣirò méjì lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń gba oògùn, tó sì jáde nínú àwọn tó ṣe dáadáa jù. Àwọn tó ń ṣubú jù ni àwọn tó ń há ìwé sórí. Mo rántí ọmọkùnrin kan tó ka ìtumọ̀ élasticité, ìyẹn bí ìwọ̀n tí a ń rà ṣe ń yí padà nígbà tí iye owó bá yí padà, fún mi láìsí àṣìṣe kan, tó tilẹ̀ sọ ojú ìwé tó wà. Mo wá bi í pé, bí iyọ̀ bá di ìlọ́po méjì owó rẹ̀ lọ́la, ṣé ìyá rẹ máa dín iyọ̀ inú ọbẹ̀ kù sí ìdajì? Ó wò mí títí. Ó ní ìyẹn kò sí nínú cours. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an nìyẹn: iyọ̀ kò ní àrọ́pò, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lára owó ọbẹ̀, nítorí náà bí ó ti wù kí ó wọ́n, ìwọ̀n tí a ń rà kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Bí ẹ̀kọ́ náà ṣe rí kò ṣòro láti sọ. Ọdún mẹ́ta ni licence, ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní yunifásítì, sẹ́mẹ́sítà mẹ́fà, 30 crédits ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, 180 lápapọ̀. Microéconomie wà níbẹ̀, tó ń wo ìpinnu ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Macroéconomie wà níbẹ̀, tó ń wo gbogbo orílẹ̀-èdè, ọ̀wọ́n gógó, àìríṣẹ́ṣe, owó ìjọba. Ìṣirò, statistique, comptabilité díẹ̀, òfin díẹ̀, ìtàn àwọn ọlọ́gbọ́n tó dá ìmọ̀ náà sílẹ̀. Nígbà tó bá yá, économétrie, níbi tí wọ́n ti ń fi nọ́ńbà gidi dán ohun tí wọ́n ti ń sọ lẹ́nu wò. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ fún ọmọ yín lọ́jọ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ ni bí ọdún kìn-ín-ní ṣe máa ń dá ènìyàn wà. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti wá, olùkọ́ mọ orúkọ rẹ̀; nínú amphi, ìyẹn gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ wọn, olùkọ́ kò mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá sì pẹ́ dé kò ní rí ibi jókòó, yóò máa gbọ́ ohùn láìrí pátákó. Kò sí ẹni tó máa bi í bóyá ó wá lónìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé ló ti bàjẹ́ sí ibẹ̀, nítorí òmìnira tó dé bá wọn lójijì. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ń jókòó pa pọ̀ yanjú ìṣirò lálẹ́ ló ń gba ọmọ là níbẹ̀, ju ìwé rírà lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ní gestion kò ṣìnà pátápátá. Ẹni tó mọ ìwé owó kọ dáadáa ní ohun tí ilé-iṣẹ́ kékeré nílò lónìí, gbogbo ilé-iṣẹ́ ló sì gbọ́dọ̀ ní akọ̀wé owó, nígbà tí kò sí ilé ìtajà kan ní Kétu tó ń wá ẹni tó ka macroéconomie. Bí ohun tí ọmọ yín ń fẹ́ bá jẹ́ kí ó tètè ríṣẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, gestion sàn jù, tàbí ilé-ẹ̀kọ́ bíi ENEAM ní Kutonu, tó jẹ́ pé bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ gan-an ni wọ́n fi ṣíwájú, kìkì pé wọ́n ń ṣa àwọn tí wọ́n ń gbà. Bí ó bá jẹ́ pé ìbéèrè «kí ló dé» ló máa ń gbà á lọ́kàn, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá láìbi í, gestion máa sú u. Àgbàdo tí ẹ ń tà tún mú mi rántí ohun kan: yunifásítì ìmọ̀ ọ̀gbìn wà ní Kétu wa níhìn-ín, ọrọ̀ ajé oko àti títà ohun ọ̀gbìn sì jẹ́ ẹ̀ka tí àwọn ọmọ wa kì í fi bẹ́ẹ̀ rò ó wò, nítorí wọ́n gbà pé ọkọ́ ni ọ̀rọ̀ oko. Yunifásítì Parakou náà ní fákọ́tì ọrọ̀ ajé, ará Ṣábẹ̀ẹ́ ni ìyẹn sì tọ́ sí jù. Láti Kétu, Calavi ló súnmọ́. Ní ọ̀pọ̀ fákọ́tì bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ fún économie àti gestion jọra gan-an, nítorí náà bí ó bá dé ibẹ̀ tó rí i pé ọkàn òun wà lódì kejì, kì í ṣe pé ọdún ti ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ zémìjàn ńkọ́? Òótọ́ ni. Èmi fúnra mi ti gun ọ̀kadà ẹni tó ní licence ní Kutonu, ó sì ṣàlàyé ọ̀wọ́n gógó fún mi lójú ọ̀nà ju bí àwọn kan ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ lórí rédíò lọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á mọ ohun tó fà á, nítorí pé ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé nìkan kọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí. Nígbà tí àwọn òbí ń rán àwọn ẹ̀gbọ́n wa lọ sí yunifásítì, ẹni tó bá jáde, ìjọba á gbà á síṣẹ́, ó parí. Láàárín àwọn ọdún 1980 ni ìyẹn dópin, nígbà tí àpò ìjọba gbẹ. Ní 1988 sí 1989 àwọn báńkì ìjọba wó, àwọn tó fi owó síbẹ̀ kò rí i gbà, àwọn òṣìṣẹ́ ń lo ọ̀pọ̀ oṣù láìrí owó oṣù. Olùkọ́ ni bàbá mi, ọdún yẹn ni mo rí i tó ń ta bíríkì ilé tó fẹ́ kọ́. Àpérò gbogbogbòò oṣù kejì ọdún 1990 yí ìjọba padà, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn iṣẹ́ tó ti tì yẹn kò tún ṣí bíi ti àtijọ́ mọ́. Àwa òbí ló ṣì ń sọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí bí ẹni pé ọdún 1975 ni a wà.

Nítorí náà, licence ọrọ̀ ajé nìkan, láìsí nǹkan mìíràn lọ́wọ́, kò tó, n kò sì ní tàn yín. Àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n ríṣẹ́ pín sí ọ̀nà bíi mélòó kan. Àwọn kan ṣe ìdánwò ìjọba sí ilé-iṣẹ́ aṣọ́bodè, owó-orí tàbí ìsúná. Àwọn kan wọ báńkì tàbí àwọn ilé tó ń yá àwọn oníṣòwò kékeré lówó, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Àwọn kan tẹ̀ síwájú gba master, wọ́n wá dé ibi tó ga bíi BCEAO, báńkì àpapọ̀ tó ń tẹ séfà wa, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Dakar, tàbí BOAD, báńkì ìdàgbàsókè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ní Lomé. Thomas Boni Yayi, ọmọ Tchaourou, tó ka ọrọ̀ ajé, ló darí BOAD láti 1994 sí 2006 kí ó tó di ààrẹ, àmọ́ ẹ má fi ààrẹ wọn ọmọ yín; ẹnì kan ṣoṣo ni. Èyí tí mo rò pé ó dájú jù lásìkò yìí ni ti àwọn tó fi statistique àti kọ̀ǹpútà kún un, tí wọ́n lè gba ìwé ìbéèrè ẹgbẹ̀rún ilé, kí wọ́n tò ó, kí wọ́n sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní ojú ìwé márùn-ún tí ènìyàn lè kà. Àwọn bẹ́ẹ̀ ni àjọ oníṣirò ìlú, àwọn iṣẹ́ àkànṣe àti àwọn tó ń ṣèwádìí ń wá. Ọdún kejì ló yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀ èyí, kò gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tó bá jáde.

Ohun kan tún wà tí ọmọ yín ní, tí ọ̀pọ̀ akẹ́gbẹ́ rẹ̀ kò ní, òun fúnra rẹ̀ kò sì lè mọ̀ pé ohun ìní ni. Ọmọ ẹnubodè ni. Ọrọ̀ ajé Benin kò ṣeé yà kúrò lára ti Nàìjíríà, kò sì sí ibi tí èyí ti hàn tó ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù kejìlá 2020, ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń ta tòmátì. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò lọ́hùn-ún ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, àwọn ọmọ tó ń ta kpayo, epo tí wọ́n ń kó wá láti Nàìjíríà, nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà ní Kétu kò tíì gbọ́ ìròyìn náà tán tí owó orí ìgò fi yí padà, owó zémìjàn sì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni náírà fúnra rẹ̀ já. Ọjà tó ń ti ọ̀hún bọ̀ wá di ọ̀pọ̀ lójú ẹni tó ní séfà, àgbàdo tiwa sì di ọ̀wọ́n lójú ẹni tó ní náírà, bẹ́ẹ̀ ni àgbàdo náà kò yí padà. Ẹni tó fẹ́ mọ bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ nílé alájàpá kọ̀ọ̀kan ní láti lọ jókòó ní Ìlárá tàbí Igolo kí ó bi àwọn ènìyàn léèrè ní èdè wọn. Mo ti rí àwọn olùwádìí tó ti Kutonu wá pẹ̀lú ìwé ìbéèrè Faransé, tí wọ́n ń wá ògbufọ̀, tí àwọn obìnrin ọjà sì ń dá wọn lóhùn bí wọ́n ṣe ń dá aṣọ́bodè lóhùn. Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá, tó gbọ́ Faransé, tó sì tún gbé Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ dé ibi tó ti lè kà á dáadáa, máa rí iṣẹ́ ṣe nínú ìwádìí bẹ́ẹ̀, mémoire tó máa kọ ní ìparí sì ti wà nílẹ̀ dè é.

Èrò tèmi, bí ó bá jẹ́ ọmọ mi ni, ni pé kí ẹ jẹ́ kí ó lọ, àmọ́ kí ẹ jọ sọ̀rọ̀ kan kí ẹ tó sanwó ilé. Kí ó gbà pé ìṣirò máa jẹ́ ti ojoojúmọ́ ní ọdún kìn-ín-ní, àti pé bí sẹ́mẹ́sítà méjì bá kọjá tí ìṣirò àti microéconomie sì kọ̀ ọ́, yóò yà sí gestion láìsí ìtìjú, ẹ̀yin náà kò sì ní fi ṣe é ní ẹ̀sín. Owó ilé, oúnjẹ àti ọkọ̀ ni yóò wọ̀ yín lọ́rùn ju owó ìforúkọsílẹ̀ lọ; ẹ ṣírò rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, kí ẹ sì fi ọdún kan kún un, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í parí ní ọdún mẹ́ta géérégé. Iye tó jẹ́ lásìkò yìí, ẹ bèèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ má bèèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà bíi tèmi. Ní ti ṣọ́ọ̀bù, kò sí ìdí tí kò fi ní máa wá nígbà ìsinmi, kí ó sì gba ìwé owó yín lọ́wọ́ yín: kí ó máa kọ iye àgbàdo, iye gààrí àti iye tí wọ́n ń ṣẹ́ náírà sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Ọmọ tó bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ní ohun tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ pàápàá kò ní.

Kí ẹ tó pinnu, ẹ fún un ní ìṣirò kékeré yìí, ẹ jẹ́ kí ó lo bébà, kí ẹ sì máa wo ojú rẹ̀. Ìyá alákàrà kan mọ̀ pé iye ẹyọ tí òun máa rí tà lójúmọ́ jẹ́ 100, kí á yọ ìlọ́po méjì owó ẹyọ kan kúrò níbẹ̀. Èló ni kí ó máa ta ọ̀kan kí owó tó ń wọlé lè pọ̀ jù? Ìdáhùn ni 25 séfà: ẹyọ 50 ló máa tà, 1,250 ló máa wọlé; bí ó bá tà á ní 20 tàbí ní 30, 1,200 ni. Bí ó bá ti yanjú ìyẹn, ẹ sọ fún un pé ẹ̀wà àti epo inú ẹyọ kan jẹ́ 10 séfà, kí ó wá sọ iye tí èrè fi máa pọ̀ jù. 25 kọ́ mọ́, 30 ni, èrè 800 dípò 750, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tó wọlé dín. Bí ó bá gbà á tán, tó sì tún bi yín pé kí ló dé tí owó tó kéré fi mú èrè tó pọ̀ wá, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé fún un ní Calavi. Bí ó bá ní òun máa lọ wò ó nínú cours, ẹ jẹ́ kí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá rí mi ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìdáhùn náà fún un kí wọ́n tó dé.